Bàbá Inú Fóònù Tó Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Pọ́n Ọ̀bẹ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, mo sì kí ẹni tó ń jí ọ láàárọ̀ kí o má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́, nítorí mo mọ oorun rẹ. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí oúnjẹ orí ìdúró náà lo ṣì ń jẹ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú omi tí omi ò fi gbé e mì, òun ni yóò ṣọ́ ọ láàárín èrò. Àwa níbí wà láàyè, à ń mí, a ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní ìjà.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tó o ti fi fóònù ránṣẹ́ sí wa. Ìdí rẹ̀ nìyí. Bàbá tó o fi ránṣẹ́ wà nínú fóònù náà, bí mo bá sì fi pè ọ́, gbogbo ohun tí mo bá sọ ni yóò máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ ilé sì lèyí, a kì í tú u síwájú àlejò, bó ti wù kí àlejò náà níwà tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ yín rẹ́rìn-ín pé bàbá tó ń kọ̀wé sí ọ kò tíì ní ewú kan lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ló bí ọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti fi wá sílẹ̀ ni mo ti di bàbá rẹ, mi ò sì gba ìsinmi rí nínú iṣẹ́ náà.

Nílé, ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn tó máa ń fa ilẹ̀ ti ń tì báyìí, èmi ni mo fá ìdí rẹ̀. Ológbò ti bímọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ, láti ìgbà náà ni a ò ti rí orí ẹja kankan dà nù mọ́. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́, àfi tí òjò bá rọ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ tó o ní kí awakọ̀ bá mi sọ, ó sọ ọ́, mo sì gbọ́ ọ. O ní bí Ọ̀gá Yìnyín bá gba tábìlì ìyá rẹ, kí n di ẹrù rẹ̀ kí n mú un wá bá ọ, pé o ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè é. Ọmọ gidi ni ọ́. Ṣùgbọ́n má tíì yọ̀, má sì tíì sunkún. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, má sì fo ìlà kankan lọ wo ìsàlẹ̀, mo mọ̀ ọ́.

O ò tíì rí Ọ̀gá Yìnyín. Òun ló ra ilé ẹja létí omi, tó kọ́ yàrá funfun kan sínú rẹ̀ tí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn. Mo wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìbínú láti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ eyín mi ti ń lu ara wọn, mo kàn kí i, mo jáde. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá lòun fẹ́ máa ta ẹja fún, wọn ò sì fẹ́ egungun, ẹran ẹja nìkan ni wọ́n fẹ́, láìya, láìfàya, kó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó ní olùrà kan ń bọ̀, obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn alásè, gbogbo àwọn tó ń la ẹja yóò sì la ẹja lójú rẹ̀. Ẹni tó bá fi egungun sílẹ̀ tàbí tó fa ẹran ya, kó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, kó fi tábìlì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó wá pín ọ̀bẹ tuntun fún wọn, ó léèkù pupa, ó sì sanra bí ọmọ olówó.

O mọ ọ̀bẹ ìyá rẹ. Ìgbà tó o ń rákò ló ti ń lò ó. Nígbà náà ó fẹ̀, mo ṣì rántí, ṣùgbọ́n ẹja ti jẹ ẹ́ títí, ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé àlùbọ́sà. Rọ́bà inú kẹ̀kẹ́ ló fi wé èèkù rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti gbẹ́ ibùjókòó sínú rọ́bà náà, bí ẹlòmíràn bá dì í mú, bí ẹni jókòó sórí àga onílé ni. Ó máa ń tẹ̀ bó bá dé egungun ẹ̀yìn ẹja, yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìṣẹ̀ ẹ́. Mo máa ń dúró wo ìyá rẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, bí mo tilẹ̀ ní ohun tí mò ń ṣe. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀. Yóò máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹja yóò sì máa bọ́ aṣọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ náà kú. Ìyá rẹ ti ń pọ́n ọn lára àtẹ̀gùn onísìmẹ́ńtì fún ìgbà pípẹ́, àtẹ̀gùn sì ti bà á lójú jẹ́, ó wá ń fa ẹran ẹja ya bí ìgbà tí ajá bá fa aṣọ. Ọ̀bẹ tuntun náà ńkọ́? Ó mú, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ó le gbagidi, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Ìdajì ẹran ń bá egungun lọ. Ìyá rẹ ní bí ẹni wọ bàtà ẹlòmíràn sáré ni. Obìnrin tábìlì kejì, tí a ń pè ní Rédíò nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á, wo ọ̀bẹ ìyá rẹ, ó ní Ìyá, ọ̀bẹ yín ti di abẹ́rẹ́, ẹ kúkú máa fi rán aṣọ. Ìyá rẹ ní òun á fi rán an lóòótọ́, ẹnu Rédíò lòun á sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi mí pé ọkọ mi Alágídí, tí wọ́n bá gba tábìlì yẹn lọ́wọ́ mi, kí ni màá máa fi ọwọ́ mi ṣe? Mo mú ọ̀bẹ, mo jáde.

Ọ̀dọ̀ Iná-ń-fò ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, apọ́nbẹ tó so òkúta yíyí mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yẹn. Ó gbà á, ó wò ó síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi. Ó ní òkúta tòun, àdá àti ọkọ́ ló ń jẹ, bí ooru rẹ̀ bá kan irin tó fẹ́lẹ́ báyìí, ó parí, òun ò sì ní fi ọwọ́ òun pa ọ̀bẹ tó ti tọ́ ọmọ. Ó ní ohun tí ọ̀bẹ yìí ń fẹ́ ni òkúta ọwọ́, omi àti sùúrù. Ó ní òkúta ọwọ́ kan wà nínú àpò òun, olójú méjì, ọ̀kan rí gbágungbàgun, ọ̀kan dán, kí n máa mú un lọ. Omi ń bẹ nílé wa. Ní ti sùúrù, kí n má wojú òun. Mo yìn ín lójú ara rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ, ó ju ọ̀gá lọ.

A ní òkúta, a ò mọ̀ ọ́n lò. Ìgbà yẹn ni awakọ̀ tí a fi ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ náà rán sí ọ gbé fóònù rẹ dé. Ó fi ibi tí a ó tẹ̀ hàn wá, ó ní a ó rí bàbá kan níbẹ̀ tí yóò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ ẹja, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá rẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, mo ní kó dúró. A kì í fi síńgílẹ́ẹ̀tì gba àlejò. Mo lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi onílà, ìyá rẹ wé gèlè, a gbé fóònù jókòó sórí àga tó ní tìmùtìmù, àwa méjèèjì jókòó sórí àpótí. Mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá náà yọ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, ó so épírọ̀nù mọ́ra, mo sì dọ̀bálẹ̀. Kí n tó dìde, ó ti ní ẹ káàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ rú mi lójú, nítorí ilé wa ló wá, àwa ló yẹ ká kí i káàbọ̀. Ṣùgbọ́n mo rò ó, mo rí i pé òun ló tọ̀nà. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà, àwa là ń yọjú wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ojú fèrèsé kékeré yẹn, àwa gan-an ni àlejò. Ìyá rẹ bu omi tútù, ó gbé e síwájú rẹ̀. Kò mu ún. Mo ní kò fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Lóòótọ́, láti ìgbà tí mo ti mọ bàbá yìí, mi ò rí i kó jókòó rí.

Ó ní ká rẹ òkúta sínú omi títí yóò fi mu àmuyó. Ká tẹ́ àkísà tútù sábẹ́ rẹ̀ kó má baà yọ̀. Ó ní ká fi ọ̀bẹ lélẹ̀ lórí ojú tó rí gbágungbàgun, ká gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí owó onírin kan lè wọ abẹ́ rẹ̀, ká wá tì í síwájú bí ẹni fẹ́ bó èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò lára òkúta. Bó bá kù díẹ̀ kó dé ṣóńṣó, ká gbé ìgúnpá sókè. Nígbà tí ìyá rẹ fẹ́ nu eruku kúrò lójú rẹ̀, ìka rẹ̀ kan dígí, bàbá náà sì dá dúró gbọnyin, ọwọ́ rẹ̀ lókè, ẹnu rẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ̀rù bà wá. A bẹ̀ ẹ́, a ní kó má bínú, a ò mọ̀ pé ibẹ̀ ń dùn ún. Mo tún kàn án, ó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ibi tó ti dúró, kò tilẹ̀ bèèrè ẹni tó dá a lọ́wọ́ kọ́. Láti ìgbà náà, bí ọwọ́ mi bá ti ń falẹ̀, a ó kàn án, kí òun náà lè sinmi apá.

Ọmọ mi, bàbá yìí níwà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú, ìyá rẹ ní ńṣe ni mò ń pọ́n ọ̀bẹ bí ẹni fọ ìdí ìkòkò. A dá bàbá náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún kí wa káàbọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò fi èébú kan kún un. A tún dá a padà, ó tún kí wa. Olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ìwọ náà mọ̀, tó bá fẹ́ sọ ohun kan lẹ́ẹ̀kejì, pàṣán ló fi ń sọ ọ́. Èyí kò tilẹ̀ pòṣé. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ jù tí fóònù ṣókùnkùn, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kí wọ́n fún un níná, mo sì jókòó tì í, nítorí a kì í fi àlejò ẹni sílẹ̀ nìkan láàárín àwọn tó ń fá orí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí irin fi yí díẹ̀ sí apá kejì gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, tí mo fi ìka nù ún tó ń ṣe mí bí iyanrìn. Inú mi dùn. Mo fi apá kejì ọ̀bẹ lé òkúta. Ìgbà yẹn ni bàbá náà gbé ọ̀bẹ kan sókè, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìyá rẹ gẹ́lẹ́, ó ní tí ọ̀bẹ yín bá ti rí báyìí, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ jù ú nù, ẹ lọ ra tuntun.

Ìyá rẹ dìde, ó wọ yàrá, mo gbọ́ nígbà tó ń wọ́ àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ológbò ń pariwo. Mo tẹ̀ lé e. Ó ti ń ká ìró. Ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ti sọ̀rọ̀, kí la tún fẹ́ gbọ́. Ó wá bi mí bóyá yàrá tó o kùn náà ní fèrèsé. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní tó bá ní fèrèsé, ó tó, òun á máa wo àwọn ènìyàn tó ń lọ ibi iṣẹ́.

Ọmọ mi, mi ò lè fara da gbólóhùn yẹn. Mo padà sí pálọ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú àga, nítorí àgbà ni, mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ má bínú, sà, gbogbo ohun tí ẹ kọ́ wa ni mo gbà, ṣùgbọ́n èyí, mi ò gbà á. Mo ní ẹ ò tíì rí obìnrin yìí níbi tó ti ń la ẹja. Mo ní irin tó kù lára ọ̀bẹ yìí kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kéré. Mo ní bẹ́ẹ bá ní ká jù ú nù, ẹ tún un sọ lójú mi.

Bàbá náà dákẹ́. Ó ń wò mí, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀, kò fọhùn. Mo dúró títí, kò fọhùn. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílé wa. Àgbà tí ọmọdé bá já ní koro tó sì dákẹ́, ó ti gbà. Ká ní kò gbà ni, ì bá ti lé mi síta. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí ju gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù lọ, nítorí àgbà tó lè gbà fún ọmọdé nínú iṣẹ́ tirẹ̀ kò wọ́pọ̀. Mo dúpẹ́, mo dìde, mo bá iṣẹ́ lọ.

Mo yí òkúta sí ojú tó dán. Ọwọ́ fẹ́lẹ́ ni mo fi ṣe é, bí ẹni ń nu ojú ọmọ ọwọ́, nítorí kò sí irin tí a lè fi ṣòfò lára rẹ̀ mọ́. Apá yìí, apá yẹn, títí iyanrìn yẹn fi lọ. Mo wá mú bẹ́líìtì aláwọ bàbá rẹ, mo ń fa ọ̀bẹ sẹ́yìn lára rẹ̀, má tì í síwájú, bó o bá tì í síwájú wàá gé bẹ́líìtì. Ìyá rẹ jáde, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó já ewé kàlẹ́ńdà kan, ó gbé ọ̀bẹ lé e. Bébà náà pín sí méjì láìdún. Ó wo méjèèjì. Ó ní bébà kì í ṣe ẹja. Kò sì kó ìró kúrò nínú àpótí.

Ọjọ́ tí olùrà dé, mo tẹ̀ lé ìyá rẹ lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí ọkùnrin má wọlé. Mo ní èmi ni ọkọ ilé, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé mi jáde bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Rédíò la tirẹ̀, ó ṣe dáadáa, n kò ní fi ìjà bo òótọ́. Nígbà tó kan ìyá rẹ, ó yọ ọ̀bẹ rẹ̀, Ọ̀gá Yìnyín sì ní rárá o, Ìyá, tuntun la ní kẹ́ ẹ lò, èyí lè kán sínú ẹja oníbàárà. Mo ti ń lanu, ìyá rẹ fi ojú pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ní ẹja ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi tiyín la ọ̀kan, kí n fi tèmi la èkejì, kí màmá yìí fi ọwọ́ ara wọn wò ó.

Olùrà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ fi ọ̀bẹ pupa la ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, ó sapá, ṣùgbọ́n ẹran lẹ̀ mọ́ egungun, etí rẹ̀ sì ya. Ó yí ẹja padà. Ó mú ọ̀bẹ tirẹ̀. Ọmọ mi, mi ò mọ bí màá ṣe kọ èyí. Ó tì í wọlé lẹ́yìn orí, ó tẹ̀, ó bá egungun ẹ̀yìn lọ bí ẹni fi ọwọ́ ra ògiri nínú òkùnkùn tó sì mọ ilé náà, kò dúró, kò fà, ó jáde níbi ìrù. Ó gbé ẹran náà sókè. Egungun tó kù lórí tábìlì dà bí òòyà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Olùrà fi ìka tẹ ẹran náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dì í mú síbi ìmọ́lẹ̀, a sì rí ojú fèrèsé gba inú rẹ̀. Kò yin ẹnikẹ́ni. Ó kàn yíjú sí Ọ̀gá Yìnyín, ó ní èyí ni mo fẹ́ máa rà, ó sì fi ìka kan tábìlì ìyá rẹ.

Ọ̀gá Yìnyín bèèrè ẹni tó pọ́n ọ̀bẹ náà. Ìyá rẹ ní ọkọ òun ni. Mo ní kì í ṣe èmi nìkan, bàbá kan láti ìlú ńlá ló kọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ rí i. Mo ní kó má bínú, ó ń gba iná lọ́wọ́. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ, ó ní kí Ọlọ́run fún un lókun. Ọ̀gá yẹn mọ ìwà hù.

Nítorí náà, ọmọ mi, ìyá rẹ kò bọ̀. O ní kí n di ẹrù rẹ̀, mi ò dì í; èmi ni mo kó àwọn ìró yẹn padà sórí okùn, n kò sì ní bẹ̀ ọ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n ti dé e ní fìlà ọ̀rá funfun bí ẹni gba oyè, wọ́n sì so àwòrán rẹ̀ kọ́ ọrùn rẹ̀ kó má baà sọnù. Mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu, ẹni tó bá rí i lọ́nà yóò mọ ibi tí yóò dá a padà sí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kò sí ohun tó dùn mọ́ òun tó yàrá tó o kùn yẹn, pé òun á wá sùn nínú rẹ̀ nígbà tí ẹja bá wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ṣì ń gbé òun, kí o jẹ́ kó gbé òun dé ibi tó bá dé.

Àwọn obìnrin yòókù ti ń kó ọ̀bẹ wá bá mi, Rédíò náà wà nínú wọn, òkúta wa sì ti jẹ sínú bí àwo ọbẹ̀. Tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó òkúta tuntun ránṣẹ́, fi owó ọṣẹ díẹ̀ kún un, kí o sì wá owó ẹ̀bùn kan fún bàbá náà, kí o gbé e lọ fún un nílé rẹ̀, nítorí ìlú kan náà lẹ jọ wà, ẹni tó nírùngbọ̀n báyẹn kò sì lè ṣòro wá. Ó ní ẹni tó bá gbádùn iṣẹ́ òun kó fi àtàǹpàkò sí i. Ìyá rẹ ti ti tirẹ̀ bọ yíǹkì, ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé òun ni.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú iṣẹ́ rẹ kú. Ibi tó bá le, kí o rí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìya. Kí ẹni tí yóò sọ pé kí wọ́n jù ọ́ nù dákẹ́ nígbà tó bá kan ọ̀rọ̀ rẹ. Ohun tó bá jẹ́ tìrẹ láyé, kò ní bá egungun lọ.

Èmi ni bàbá rẹ.